Orírun àti Ipò Àwọn Nadar ní Ilẹ̀ Támílì

Ìfáàrà

Nínú àṣà àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ìran tí a bí ènìyàn sí ni ó ń sọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe, ẹni tí yóò fẹ́, àti ibi tí yóò dúró sí nígbà ìsìn. Irú ìran bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jàtí. Àwọn Nadar, tí orúkọ wọn àtijọ́ ń jẹ́ Shanar, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jàtí tí ó wà láàrin àwọn tí ń sọ èdè Támílì ní gúúsù Íńdíà. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń jà fún nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí orírun wọn. Ìtàn orírun náà kò rí ìdáláre ní kóòtù, síbẹ̀ ipò wọn yí padà. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó yí i padà.

Iṣẹ́ àti Ipò Wọn

Ilẹ̀ gbígbẹ oníyanrìn pọ̀ ní agbègbè Tirunelveli àti ní gúúsù Travancore. Igi kan tí ó jọ ọ̀pẹ, tí ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ni ó ń hù níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Shanar ni ó ń gun igi yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní àsìkò rẹ̀ láti dá omi rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí omi náà kan, ó di ẹmu. Bí wọ́n bá sè é, ó di ṣúgà dúdú. Àwọn ìran gíga ka iṣẹ́ ẹmu sí ohun àìmọ́, wọn kò sì gba àwọn Shanar láyè láti wọ tẹ́ḿpìlì. Ní Travancore, wọn kò gbọdọ̀ lo agboòrùn tàbí bàtà, wọn kò gbọdọ̀ fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́, àwọn obìnrin wọn kò sì gbọdọ̀ bo àyà níwájú àwọn ìran gíga.

Síbẹ̀, gbogbo wọn kọ́ ni ó dọ́gba. Àwọn díẹ̀ wà láàrin wọn tí wọ́n ní ilẹ̀ àti igi, tí wọn kì í gun igi fúnra wọn. Àwọn wọ̀nyí ni oyè Nadar, èyí tí ó túmọ̀ sí olúwa ilẹ̀, tọ́ sí. Àwọn mìíràn tún wà ní agbègbè Ramnad tí wọ́n di oníṣòwò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ohun tí a óò sọ níwájú.

Àríyànjiyàn lórí Orírun

Ní 1849, Robert Caldwell, míṣọ́nnárì kan ní Tirunelveli, tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa àwọn Shanar. Ó ní láti erékùṣù Ceylon, èyí tí ń jẹ́ Sri Lanka lónìí, ni wọ́n ti wá, ó sì ṣàpèjúwe wọn bí aláìlajú. Àwọn ọ̀mọ̀wé inú wọn bínú sí ìwé yìí. Èsì wọn ni pé orúkọ Shanar ti inú ọ̀rọ̀ Támílì àtijọ́ kan jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí ọlọ́lá, àti pé ọmọ àwọn ọba Pandya tí ó jẹ ní Madurai ni àwọn. Nítorí náà, wọ́n ní Kshatriya ni àwọn, ìran ọba àti jagunjagun.

Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì yẹ̀wò, a óò rí i pé ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìtumọ̀ orúkọ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí wọn. Ó tún yẹ kí a kíyè sí àwọn tí ó pa wọ́n. Míṣọ́nnárì ń kọ̀wé nípa àwọn tí ó ń yí lọ́kàn padà. Àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ni ó sì mú ìtàn ọba wá, kì í ṣe àwọn tí ń gun igi.

Aṣọ, Tẹ́ḿpìlì àti Kóòtù

Ìjà ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìwé Caldwell. Ní 1813, Munro, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Travancore, pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin tí ó ti di Kristẹni lè bo àyà wọn. Àwọn ìran gíga takò ó, rògbòdìyàn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di 1859, nígbà tí ọba Travancore kéde pé kí gbogbo obìnrin Shanar bo àyà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wọ aṣọ náà bí àwọn obìnrin ìran gíga ti ń wọ̀ ọ́.

Ní 1897, àwọn oníṣòwò Nadar kan wọ tẹ́ḿpìlì ìlú Kamudi láti sìn. Ọba Ramnad pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ orírun wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ́ Kshatriya, kò sí ẹni tí ó lè lé wọn. Kóòtù dá wọn lẹ́bi ní 1899. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Maravar àti àwọn mìíràn kọlu àwọn Nadar ní Sivakasi, tí wọ́n sì sun ilé wọn. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Nadar sì tún jẹ̀bi ní 1908. Àṣà ìbílẹ̀ tí ó ti pẹ́ ni ìdájọ́ náà dúró lé.

Ohun tí Ó Yí Ipò Wọn Padà

Àwọn oníṣòwò náà ti ní owó àjọdá kan tí wọ́n ń pè ní mahamai, èyí tí wọ́n ń yọ nínú ọjà tí wọ́n bá tà. Wọ́n fi owó yìí kọ́ ilé-ìwé, wọ́n sì fi ran ara wọn lọ́wọ́. Ní 1910, wọ́n dá ẹgbẹ́ Nadar Mahajana Sangam sílẹ̀. Ní 1921, wọ́n dá báńkì sílẹ̀ ní Tuticorin. Ní 1921 kan náà ni ìjọba gbà láti máa kọ orúkọ Nadar dípò Shanar nínú ìwé ìkànìyàn. Báyìí ni oyè àwọn díẹ̀ ṣe di orúkọ gbogbo ìran, títí kan ẹni tí ń gun igi. Ní 1939, a ṣí tẹ́ḿpìlì ńlá Madurai fún wọn àti fún àwọn tí a ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn, òfin sì ti èyí lẹ́yìn. Ní 1954, K. Kamaraj, ọmọ Nadar láti Virudhunagar, di olórí ìjọba Madras.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn onídàájọ́ wo ìtàn orírun àwọn Nadar gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọ́n sì ní kò tó. Iṣẹ́ mìíràn ni ìtàn náà ṣe: ó fún àwọn onílẹ̀, oníṣòwò àti agungi ní baba kan ṣoṣo, ó sì mú kí ó ṣeé ṣe fún wọn láti dá owó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ìran tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba wá wà nínú ìwé ìjọba láàrin àwọn ìran tí a fi sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí àyè ní ilé-ìwé àti ní ibi iṣẹ́. Bí òpìtàn bá bi ìtàn orírun léèrè pé òótọ́ ni tàbí irọ́, ìbéèrè kan ni ó bi. Ó kù kí ó bi í pé: ta ni ó pa ọ́, nígbà wo, àti nítorí ẹ̀tọ́ wo?