Ilé Tí A Kọ́ Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Parse

Ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 2016, ìkéde kan jáde láti Amẹ́ríkà tó da ọkàn àwọn tó ń ṣe áàpù orí fóònù rú: Facebook fẹ́ ti Parse pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo áàpù wọ̀nyẹn lójoojúmọ́ ni kò gbọ́ orúkọ Parse rí. Bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni áàpù wọn dúró lé.

Ohun tí ojú ń rí lórí fóònù kọ́ ni gbogbo áàpù. Orúkọ tí a fi sílẹ̀, àwòrán tí a fi pamọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, inú kọ̀ǹpútà kan tó wà lọ́nà jíjìn, tí à ń pè ní sáfà, ni wọ́n ń gbé. Bí áàpù bá jẹ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú oníbàárà, sáfà ni ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí Apple ṣí ọjà áàpù rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2008, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ iṣẹ́ náà. Àmọ́ kíkọ́ sáfà àti títọ́jú rẹ̀ gba owó, ó gba ìmọ̀, ó sì gba àìsùn.

Ìṣòro yìí ni Parse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, wá yanjú. Wọ́n pèsè SDK, èyí tí í ṣe àkójọ irinṣẹ́ àti kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Olùṣe áàpù yóò fi í sínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò kọ ìlà kóòdù díẹ̀, áàpù rẹ̀ yóò sì máa bá sáfà Parse sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í san kọ́bọ̀. Nígbà tí Facebook fi ra Parse ní oṣù kẹrin ọdún 2013, áàpù tó gbára lé e ti tó 60,000.

Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìkéde ìkógbásílé dé. Kí a má purọ́ mọ́ wọn, wọn kò lé àyálégbé jáde lóru. Wọ́n fún wọn ní ọdún kan, wọ́n sì gbé Parse Server sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì Parse wà nínú áàpù tí àwọn ènìyàn ti gbà sórí fóònù wọn. Olùṣe áàpù ní láti gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kí oníbàárà sì gbà á. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí Parse bá kú, áàpù rẹ̀ yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀ mọ́. Parse kógbá sílé ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2017.

Ọ̀pọ̀ sá lọ sọ́dọ̀ Firebase, tí Google ti rà ní ọdún 2014. Ilẹ̀ onílẹ̀ mìíràn ni ìyẹn náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Google pa Dynamic Links, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ Firebase, ó sì di dandan fún àwọn tó ń lò ó láti wá ọ̀nà mìíràn.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo SDK o. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ áàpù ni kì bá tí rí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a bi onílé léèrè kí a tó kó ẹrù wọlé: ta ló ni dátà àwọn oníbàárà mi? Ǹjẹ́ mo lè kó o jáde lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ? Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ẹni tó bá mọ̀ pé àgbàbọ̀ ni yóò ti máa rán tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.