JAMB Ẹlẹ́ẹ̀kejì: Wá Ibi Tó Ń Jò

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, 231 ni mo gbà. Dókítà ni mo fẹ́ dà. Mo máa tún JAMB ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí máàkì mi á fi gòkè?" Mo mọ irú ohùn yẹn. Ohùn tèmi náà nìyẹn ní ọdún 2014, nígbà tí mo gba 219.

Ìtàn ni à ń sọ lórí ètò yìí, ìtàn náà ni mo sì fi dá a lóhùn.

Kí JAMB tó dé, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnì kan lè gba fọ́ọ̀mù mẹ́rin, kí wọ́n mú un níbi mẹ́ta. Ibi kan ṣoṣo ló máa lọ. Àyè méjì á wá ṣófo, ẹlòmíì tó yẹ kó wọlé á sì jókòó sílé. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, M. S. Angulu ni alága rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ló bí JAMB. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 1978, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Wọn ò dá JAMB sílẹ̀ láti fi mọ ẹni tó máa di dókítà rere. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè to èrò sórí ìlà ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún àbúrò mi nìyẹn: 231 kò sọ pé o ò lọ́pọlọ. Ibi tó o dúró sí lórí ìlà lọ́dún yìí ló sọ. Máàkì náà kì í sì í lò ju ọdún kan lọ, nítorí náà, tó bá di èyí tó ń bọ̀, gbogbo yín lẹ jọ máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ní ọdún 2005, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tiwọn lẹ́yìn JAMB, torí wọn ò fọkàn tán máàkì táwọn èèyàn ń kó wá mọ́. Bí Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ń ṣírò ó rèé: wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti ìdánwò tiwọn, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 231 á ní nǹkan bíi 29. Ẹni tó gba 280 á ní 35. Lójú ẹlòmíì, máàkì mẹ́fà kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìmọ̀ ìṣègùn, ìdajì máàkì lásán lè dá èèyàn padà.

Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà. Èèyàn ṣì lè yan bébà nígbà yẹn, bébà ni èmi náà sì yàn ní 2014. Ní 2015, ó di kọ̀ǹpútà fún gbogbo èèyàn. Èmi ńkọ́? Ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí mo kà lọ́dún tó ṣáájú ni mo tún gbé. Biology ni mo tún ń kà lójoojúmọ́, torí òun ni mo fẹ́ràn.

Bọ̀dá kan tó ni kafé ládùúgbò wa ló bi mí pé, "Báwo ni máàkì tó o gbà ṣe pín?" Mo mú èsì mi wá: Biology 68, Chemistry 55, Use of English 54, Physics 42. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jò, yàrá lo wá ń tún ṣe."

Ó gbé mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì ka àkókò fún mi. Nígbà tí àkókò pé, ó ku ìbéèrè Physics mọ́kànlá tí mi ò tíì fojú kàn rárá! Ó ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: mi ò mọ̀ ọ́n, mo kánjú, àkókò tán. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá kùnà, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kì í ṣe àìmọ̀. Ìkánjú àti àkókò ni.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba 273. Biology fi 2 péré lé. Physics fi 24 lé.

Lónìí, ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2. Use of English ní 60, ìyókù ní 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 péré fún ìbéèrè kan. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń bi èèyàn náà ń yí padà. The Life Changer ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, ó di The Lekki Headmaster ní 2025. Ẹni tó bá gbára lé èyí tó kà lọ́jọ́sí ti fi máàkì tọrẹ.

Àní ní 2025 yẹn, ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà yẹn, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Kí àṣírí tó tú, àwọn kan ti ń sọ pé àìkàwé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló fà á. Torí náà, kó o tó pe ara rẹ ní olódo, kọ́kọ́ wo èsì náà dáadáa.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé mo wá di dókítà? Rárá o. 273 náà kò tó níbi tí mo yàn lọ́dún yẹn. Physiology ni wọ́n fún mi, mo sì gbà á. Mi ò fi ìyẹn pa mọ́ fún àbúrò mi. Máàkì tó gòkè kì í ṣe ìlérí. Àyè tó sún mọ́ iwájú lórí ìlà ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ya fọ́tò èsì rẹ̀ ránṣẹ́: Use of English 66, Biology 65, Physics 56, Chemistry 44. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ibi tó ń jò."

Ẹ bá mi fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra láti tún JAMB ṣe. Ó dìgbà kan ná.