Ohun Tí Ìbọn Ń Jẹ: Ẹ̀tù àti Ọta ní Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta

Abúlé Ẹ̀gbá wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí àwọn Ẹ̀gbá. Lábẹ́ afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí níbẹ̀ ní 2017, ariwo ọkọ̀ ni a ń gbọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀tù àti ọta wà lára ọjà tí àwọn ìlú ń torí rẹ̀ jà ní gbogbo agbègbè tó wà láàárín Abẹ́òkúta àti òkun. Ẹ̀tù ni ìyẹ̀fun dúdú tó ń gbiná tí ó sì ń ti ọta jáde lẹ́nu ìbọn. Láti Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọlé, nínú àgbá onígi kéékèèké, èyí tó fi hàn pé ìlú tí kò bá ní ọ̀nà sí etí òkun lè ní ìbọn lọ́wọ́ kí ó má sì rí nǹkan kì sí i.

Ìbọn ìgbà náà, tí àwọn ọdẹ ṣì ń pè ní ṣakabùlà, kì í ṣa oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í: wọn a da ẹ̀tù sí i níwọ̀n tí ojú àti ọwọ́ ti mọ̀, wọn a fi ìhá ọ̀pẹ tàbí àkísà dí i, wọn a fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni ọta yóò wọlé, tí wọn yóò sì tún fi nǹkan dí i kí ọta má baà dà jáde bí ọdẹ bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Ọta náà lè jẹ́ òjé, ó lè jẹ́ irin tí alágbẹ̀dẹ gé wẹ́wẹ́, ó tilẹ̀ lè jẹ́ àfọ́kù ìkòkò irin, nítorí pé ẹnu ìbọn náà fẹ̀, kò sì béèrè ọta tó ṣe é wẹ́kú. Nítorí náà, ilé àgbẹ̀dẹ ló ń yanjú ọ̀rọ̀ ọta, ẹ̀tù nìkan ló sọ ológun di ẹni tó ń wo ojú oníṣòwò etí òkun. Kò yani lẹ́nu pé ìbọn ti wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n súnmọ́ òkun, nígbà Ogun Òwu, nígbà tí idà ṣì ni púpọ̀ nínú àwọn ará Òwu gbójú lé.

Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀nà òkun ṣe pàtàkì bí odi ìlú. Wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà ní nǹkan bíi 1842, wọ́n sì dó ti Adó títí di 1853, kí ọ̀nà Àgbádárìgì lè là fún wọn. Nígbà tí àwọn Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, ìbọn àwọn Ẹ̀gbá rí nǹkan jẹ. Bí ọ̀nà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gbá ni wọ́n fi ń dí i mọ́ ẹlòmíràn, àgàgà Ìbàdàn. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán èrò lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí a tún mọ̀ sí Porto Novo, láti ra nǹkan ìjà, àwọn Ẹ̀gbá sì kọlù wọ́n bí wọ́n ti ń bọ̀. Ìjà tó tibẹ̀ ṣẹ́ wà lára ohun tó ṣínà fún Ogun Kírìjì, ogun tí a fi ìró ìbọn rẹ̀ sọ lórúkọ.

Kírìjì ni oúnjẹ ìbọn ti yí padà. Àwọn Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń bá Ìbàdàn jà nínú ogun náà, tí wọ́n sì ní ará ilé ní Èkó tó ń bá wọn rajà, rí ìbọn Snider gbà, èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866. Ìdí ni a ti ń kì í, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó íǹṣì 0.577, nǹkan bíi mílímítà 14.7. Kátírííjì ló ń jẹ, ìyẹn ọta, ẹ̀tù àti ohun tó ń ta iná tí a dì pọ̀ sínú idẹ kan ṣoṣo. Ó yá ju ṣakabùlà lọ, ó sì ń bá ènìyàn lọ́nà jíjìn, àmọ́ kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè fi òòlù àti ẹwìrì rọ oúnjẹ rẹ̀. Bí kátírííjì bá tán, ọ̀pá irin ló kù lọ́wọ́ jagunjagun. Àdéhùn Brussels ti 1890 tún mú un le, nítorí pé ó ká ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ kò ní Áfíríkà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn àtijọ́ àti ẹ̀tù lásán. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ìjẹ̀bú dojú kọ ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọn.

Ìbọn ìléwọ́ aláyìípo, tí àgbá kékeré inú rẹ̀ ń gbé ọta kan tẹ̀lé òmíràn síwájú, kò di ti ará ìlú rárá. Irú rẹ̀ tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ń gbé kọ́ ìgbànú láti 1887 ni Webley, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.455. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí ìsọ̀rí èyí tí a kà léèwọ̀, pa pọ̀ mọ́ bọ́ǹbù. Ìbọn ọdẹ oníkátírííjì wà ní ìsọ̀rí kejì, tòun ti ìwé àṣẹ. Nọ́ńbà 12 tí a ń pe irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe íǹṣì: bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sọ́nà 12, tí a yí ìdá kan ní róbótó, yóò bá ihò ìbọn náà mu, ìyẹn ni pé ìwọ̀n ayé àtijọ́ ṣì wà lára ìbọn òde òní.

Ìsọ̀rí kẹta ni òfin náà yà sọ́tọ̀ fún ìbọn tí a ń kì láti ẹnu, ṣakabùlà sì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀. Bí ògbólógbòó ọdẹ bá kú nílẹ̀ Ẹ̀gbá, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn sófuurufú: ẹ̀tù àti ìhá ọ̀pẹ ni wọ́n ń kì sí i, wọn kì í fi ọta sí i.