Ọ̀rọ̀-ìṣe "Mú" nínú Oríkì Aláàfin Abípa

Ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké ni ó máa ń pẹ́ jù lọ nínú èdè. Ọ̀kan nínú wọn ni mú. Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Èkìtì, gbogbo wa ni a ń lò ó. Ìgalà ní mú. Àwọn Ẹ̀dó náà ní mu tiwọn, tí ó jẹ mọ́ gbígbé nǹkan. Kí ọ̀nà wa tó yà ni a ti ń mú nǹkan.

Nínú Yorùbá, iṣẹ́ tí ó ń ṣe pọ̀. Ọdẹ mú ẹran láàyè, ọlọ́pàá mú olè, òtútù mú ọmọdé, a mú ìwé wá. (Mú tí a ń sọ nípa ọ̀bẹ, ọ̀tọ̀ ni èmi kà á sí.) Kókó ibẹ̀ ni pé agbára ẹni tí ó mú borí ti ohun tí ó mú.

Ní Ìgbòho ni mú ti bá wa pa ìtàn mọ́. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni ó padà di olú-ìlú. Ọba mẹ́ta jẹ níbẹ̀ kí ó tó kan Abípa, ẹni tí ó fẹ́ padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n ti fìdí múlẹ̀ (mú náà tún nìyẹn). Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ròyìn pé wọ́n rán abuké, àfín, aràrá àti irú wọn ṣáájú lọ sí ahoro náà, kí wọ́n máa rìn kiri lóru bí ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Abípa rán ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì kó gbogbo "ọ̀rọ̀" náà wá. Ọba se àsè, ó sì jẹ́ kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan gba ọtí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rán. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀.

Mú ọ̀rọ̀ ni: fáwẹ̀lì mú ti pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti fẹ́ sọ ọba náà di ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mọ̀rọ̀ ni ìyẹn ì bá jẹ́, kò sì ní ohùn òkè rárá.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn náà. Nínú àlọ́ àti ìtàn wa, iwin ni í máa ń gbé ènìyàn lọ. Iwin ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Níhìn-ín, ọba ni olùwà, ọ̀rọ̀ sì ni àbọ̀. Abípa sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé.