Ìtàn Àtúnṣe Ilẹ̀kùn Ọkàn Tó Ń Jò

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn, iṣẹ́ wọn sì ni kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ síwájú, kí ó má ṣẹ́rí padà. Èyí tí ó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì ni a ń pè ní mítírà. Ewé méjì ni ó ní, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín sì so wọ́n mọ́ iṣan inú ọkàn. Bí fọ́nrán bá já, bí ewé bá súnkì, tàbí bí ẹnu ọ̀nà náà bá fẹ̀ jù, ilẹ̀kùn kò ní lè pa dé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà síhà ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọkàn rẹ̀ á sì máa tóbi títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Ilẹ̀kùn tó há ni àwọn oníṣẹ́-abẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Elliott Cutler gbìyànjú láti la irú rẹ̀ ní Boston ní 1923. Ní 1925, Henry Souttar ti ìka bọ inú ọkàn ọmọbìnrin kan ní London láti fẹ ọ̀nà náà. Wọn kò rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ọkàn sì ń lù lọ́wọ́ wọn. Ìka lè la ibi tó há, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dí ibi tó ń jò gbọ́dọ̀ fojú rí i.

Ọ̀nà là ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1953, nígbà tí John Gibbon lo ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún aláìsàn kan ní Philadelphia, tí iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Láti ìgbà náà ni a ti lè la ọkàn sílẹ̀, kí a wo inú rẹ̀. Ní 1957, Walton Lillehei ní Minnesota ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú fún ẹnu ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù pọ̀.

Ní 1960, Albert Starr àti ẹnjiníà Lowell Edwards gbé ilẹ̀kùn àtọwọ́dá jáde ní Oregon: bọ́ọ̀lù kékeré kan nínú àgò onírin. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dì sára irin, nítorí náà aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Alain Carpentier, oníṣẹ́-abẹ ará Faransé, gbà pé ó sàn kí a tún ti aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 1968, ní Paris, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán òrùka yí ẹnu ilẹ̀kùn ká, kí ó lè padà sí bí ó ṣe yẹ kó rí. Ó ń yẹ ewé àti fọ́nrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gé ibi tó pọ̀ jù, ó sì ń rán ìyókù pọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó bu omi iyọ̀ sínú yàrá ìsàlẹ̀: bí omi kò bá jò, iṣẹ́ ti yege. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1983 tan ọ̀nà yìí káàkiri ayé. Ní 1991, Ottavio Alfieri ní Milan rán àárín ewé méjèèjì pọ̀. Láti ara èrò yẹn ni a ti rí ẹ̀mú kékeré tí a ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fi so ewé méjèèjì pọ̀, tí a kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní 2003.

Ní Nàìjíríà, Enugu ni a ti kọ́kọ́ la ọkàn ṣiṣẹ́ ní 1974, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oníṣẹ́-abẹ Magdi Yacoub. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ibà làkúrègbé ni ó ń ba ilẹ̀kùn ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọdé jẹ́, ewé tí ó bá sì ti le gan-an ṣòro láti tún ṣe. Ọ̀fun dídùn ni ibà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, penisílìnì sì lè dá a dúró. Ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ èyí, nítorí ìtọ́jú tó yá ní ilé ìwòsàn àdúgbò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ.