Kókó inú ọmú: Ohun tó yẹ kí obìnrin mọ̀ nípa àyẹ̀wò abẹ́rẹ́

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó fọwọ́ kan kókó nínú ọmú wọn ni ẹ̀rù máa ń bà bí dókítà bá ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gé bíńtín nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìgbàgbọ́ àwọn mìíràn ni pé bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ṣe ni yóò ràn káàkiri ara. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdádúró gan-an ló ń fún jẹjẹrẹ láyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé jẹjẹrẹ ọmú pa nǹkan bí 670,000 ènìyàn lágbàáyé ní 2022.

Fún àwọn olùgbé Sábó ní Yábàá, LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019.

Àyẹ̀wò náà, tí àwọn dókítà ń pè ní 'biopsy', kì í sábà gbà ju wákàtí kan lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí obìnrin sọ fún dókítà bó bá ń lo aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ sikáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, wá ibi tí kókó náà wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, dókítà yóò ti abẹ́rẹ́ mìíràn wọlé, yóò sì máa wo ojú ẹ̀rọ kó má baà ṣìnà. Abẹ́rẹ́ náà máa ń dún pàá bó bá ń gé ẹran ara. Kí ìró náà má ṣe dẹ́rù bà á. Wọ́n lè gé e tó ìgbà mẹ́ta sí mẹ́fà.

Wọn kì í sábà rán ojú ibẹ̀. Pílásítà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ lè wú tàbí kó dúdú díẹ̀. Kí obìnrin má gbé ẹrù wúwo lọ́jọ́ náà, kó sì tètè padà sílé ìwòsàn bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá tàbí bí ibà bá dé.

Kí ó má ṣàì padà lọ gba èsì. Ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ òun ni, èsì yìí ni dókítà yóò fi mọ irú oògùn tó lè kápá rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.