Ọmọ Kannakánná: Ìtàn Ìwé Aláwòrán Kan

Ìwé aláwòrán tí à ń pè ní Crow Boy, èyí tí í ṣe Ọmọ Kannakánná ní èdè tiwa, jáde láti ilé ìtẹ̀wé Viking Press ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn Caldecott sì kà á mọ́ àwọn ìwé tí ọlá tọ́ sí ní ọdún 1956.

Taro Yashima ni ó kọ ọ́, tí ó sì ya àwòrán inú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Jun Atsushi Iwamatsu ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Kagoshima, ní ilẹ̀ Jàpáànì, ni a sì ti bí i ní ọdún 1908. Nítorí pé ó lòdì sí àwọn ológun tí ń ṣèjọba, wọ́n sọ òun àti ìyàwó rẹ̀ sẹ́wọ̀n; nígbà tó yá, tọkọtaya náà lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1939, tí wọ́n fi ọmọkùnrin wọn sílẹ̀ nílé. Nígbà tí ogun sì bẹ́ láàárín Jàpáànì àti Amẹ́ríkà, tí Iwamatsu sì gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà, ó fi orúkọ mìíràn bo ara rẹ̀ kí ibi má baà bá ọmọ náà.

Abájọ tí ìtàn rẹ̀ fi dá lórí orúkọ. Ọmọ ilé ìwé kan ni ìtàn náà sọ nípa rẹ̀. Chibi, ọmọ bíńtín, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọ́n sì kà á sí òmùgọ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko, síbẹ̀ kò pa ilé ìwé jẹ, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, tòun ti ẹ̀wù koríko gbígbẹ àti ìrẹsì tí a fi ewé wé. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọdún kẹfà, olùkọ́ tuntun kan, Isobe, rí i pé Chibi mọ ibi tí àjàrà igbó wà, olùkọ́ náà gbé àwòrán tí Chibi yà kọ́ ògiri, ó sì mú un gorí ìtàgé, níbi tí ó ti ké bí kannakánná: igbe ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹyin, igbe ìyá, igbe bàbá, igbe ọjọ́ ọ̀fọ̀, títí kan igbe èyí tí ó dá bà lórí igi àgbà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí olùkọ́ sọ pé ojú ọ̀nà tí ó ń rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ti kọ́ ọ, gbogbo wọn sọkún.

Ìwé náà kò kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ jíjà. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí a bá rí ohun tí ọmọ mọ̀, tí a sì fi í kì í, orí rẹ̀ a wú. Nígbà tí ọmọ yìí bá wá ta èédú ní ìlú, ẹnu tí ó ti ń fi í ṣẹ̀sín ni ó ń kí i ní Ọmọ Kannakánná, òun náà a sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí orúkọ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gbà ni.